Omi Tó Jókòó: Ìtọ́jú àti Àtúnṣe Dẹ́ẹ̀kì Onígi

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ níbi àjọ̀dún ọdún 25 ẹgbẹ́ wa, ní ìpínlẹ̀ Maryland, ilẹ̀ Amẹ́ríkà

    

Mo gbé igi kan wá sínú gbọ̀ngàn yìí. Òun ló wà lórí tábìlì níwájú mi yìí, kò gùn ju apá mi lọ. Mo bẹ àwọn ọ̀dọ́ kí wọ́n bá mi gbé e kiri bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, kí olúkúlùkù yín fọwọ́ kàn án. Tí ẹ bá wò ó lójú, igi gidi ni. Tí ẹ bá dojú rẹ̀ bolẹ̀, tí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ó rí i pé ìka ń wọlé. Ilé tèmi ni igi náà ti wá. N ó padà sórí ìtàn rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wa ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun tí iṣẹ́ mi fi hàn mí, tó lè ṣe onílé láǹfààní. Ọdún 21 rèé tí mo ti ń ṣe káfíńtà ní agbègbè yìí, dẹ́ẹ̀kì ló sì pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi. Bí a ṣe lè gba dẹ́ẹ̀kì onígi lọ́wọ́ omi, àti bí a ṣe ń tún un ṣe nígbà tí omi bá ti bà á jẹ́, ni mo fẹ́ bá yín sọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ pákó kéré sí ọjọ́ ńlá báyìí. Nílé, àgbàlá la ti ń ṣe ìnáwó. Níbí, dẹ́ẹ̀kì ni àgbàlá wa. Orí rẹ̀ la ti ń sọ ọmọ lórúkọ nígbà ooru, ibẹ̀ la ti ń sun ẹran, ibẹ̀ la ti ń tẹ́ tábìlì ìrẹsì àti mọ́ínmọ́ín. Tí onílù bá sì dé, ibẹ̀ ni gbogbo wa ti ń jó, tí ẹsẹ̀ 50 ń lu pákó lẹ́ẹ̀kan náà.

Òfin ìkọ́lé tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń tẹ̀ lé ní Amẹ́ríkà ní kí dẹ́ẹ̀kì lè gbé ìwọ̀n 40 pọ́n-ùn lórí ibi kọ̀ọ̀kan tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú àti lóròó. Èyí ni pé dẹ́ẹ̀kì tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, tó fẹ̀ ní 10, yẹ kó gbé 4,800 pọ́n-ùn. Òfin yẹn ń sọ̀rọ̀ igi tó ṣì le. Igi tí omi ti jẹ inú rẹ̀ kò mọ òfin kankan.

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kò ju ẹyọ kan lọ. Omi tó bá rọ̀ sórí igi, tó sì bá tirẹ̀ lọ, kì í pa igi. Omi tó bá rí ibi jókòó ló ń pa á. Gbogbo iṣẹ́ tí à ń ṣe lórí dẹ́ẹ̀kì, yálà a kan ìṣó ni o, yálà a fi òróró pa á ni o, ọ̀nà àbájáde là ń wá fún omi.

Ẹ̀kọ́ etí òkun

Bàbá mi ló kọ́kọ́ kọ́ mi. Káfíńtà ni ní Òkìtìpupa, ṣùgbọ́n àwọn ará Ìlàjẹ a máa ránṣẹ́ pè é wá sí etí omi, èmi a sì tẹ̀ lé e nígbà ìsinmi ilé-ìwé. A máa ń lọ sí Ayétòrò, ìlú tí àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀dó ní ọdún 1947. Orí ẹrẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ sí. Òpó ló gbé ilé dúró, pákó sì ni títì. Òkun ti gba púpọ̀ nínú ìlú náà báyìí, ó sì ń dun gbogbo ẹni tó bá mọ ibẹ̀. Lọ́jọ́ kan, bàbá mi fi ọ̀bẹ gún òpó afárá pákó kan níbi mẹ́ta, ó ní kí n máa wò. Ó gún un lókè, ọ̀bẹ kò wọlé. Ó na ọwọ́ sínú omi, ó gún ìsàlẹ̀, ọ̀bẹ kò wọlé. Ó wá gún agbedeméjì, ibi tí omi ti máa ń gòkè tó tún máa ń sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀bẹ wọ ibẹ̀ bí ìgbà tí a gún ẹ̀kọ tútù. Ó bi mí pé kí ló fà á. N kò mọ̀ ọ́n.

Ó pẹ́ kí n tó rí ìdáhùn tó kún. Omi fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń jẹ igi. Olú ni, ìbátan olú tí à ń ká nínú oko lẹ́yìn òjò. Irúgbìn rẹ̀ kéré ju eruku lọ, inú afẹ́fẹ́ ló wà, kò sì sí dẹ́ẹ̀kì tí kò bà lé. Ó ń fẹ́ oúnjẹ, ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́, ó ń fẹ́ ooru díẹ̀, ó sì ń fẹ́ omi. Igi ni oúnjẹ rẹ̀. A kò lè gba afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a kò sì lè pàṣẹ fún oòrùn. Omi nìkan ló kù tí a lè fi dù ú. Ìsàlẹ̀ òpó Ayétòrò kò jẹrà nítorí afẹ́fẹ́ kò dé ibẹ̀. Òkè rẹ̀ kò jẹrà nítorí ó ń gbẹ. Àárín ló rí méjèèjì gbà.

Ìwọ̀n wà fún ọ̀rọ̀ yìí. Tí ẹ bá wọn omi inú igi, tí kò tó ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n igi náà nígbà tó gbẹ, olú kò lè jẹ ẹ́. Tó bá lé ní ìdá 30, tábìlì ti tẹ́ fún un. Irinṣẹ́ kékeré kan wà tí a máa ń fi ẹnu rẹ̀ méjì gún igi láti ka omi yìí. Kò wọ́n, mo sì máa ń rọ onílé kí ó ní i. Àwọn ará ibí a máa pe ìjẹrà kan ní ìjẹrà gbígbẹ, nítorí nígbà tí wọ́n bá fi rí i, igi náà ti gbẹ, ó ti là káàkiri bí ilẹ̀ tó sán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Orúkọ náà ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Kò sí igi tó gbẹ tó ń jẹrà. Omi ti wá, ó ti jókòó, olú ti jẹ àjẹyó, kí gbogbo rẹ̀ tó gbẹ.

Báwo ni omi ṣe ń wọ inú igi? Ẹ rántí ọ̀pá tín-ín-rín tí ọmọdé fi ń fa mínírà. Ká ní a di irú rẹ̀ ẹgbẹ̀rún pọ̀, bí igi ṣe rí nìyẹn. Ẹ da omi sí ẹ̀gbẹ́ ìdì náà, púpọ̀ rẹ̀ yóò ṣàn lọ. Ẹ ti ẹnu rẹ̀ bọ omi, yóò fà á sókè. Ojú ibi tí ayùn ti gé igi ni ẹnu yẹn. Ìdí nìyí tí orí pákó, ẹsẹ̀ òpó àti etí àtẹ̀gùn fi ń kọ́kọ́ jẹrà nígbà tí àárín pákó ṣì ń dán. Tí igi bá mu omi, ó ń wú. Tó bá gbẹ, ó ń sún kì. Bó ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún ló ń ti ìṣó sókè, tó sì ń là. Nígbà òtútù, omi tó wà nínú ìlà yẹn á dì, omi tó bá sì dì a máa fi bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún wú ju bó ṣe wà lọ. Ìlà náà á gbòòrò sí i, omi ọdún tó ń bọ̀ á rí àyè tó ju ti èṣí lọ. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Àwọn baba wa mọ̀ pé òrùlé ni ààbò àkọ́kọ́ fún igi. Òpó tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ láàárín ọdún 1910 sí 1914, tí ọ̀kan nínú wọn wà ní Art Institute ní Chicago lónìí, abẹ́ òrùlé tó yọ síta ni wọ́n ti dúró. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ bá dé Chicago, ẹ lọ wò ó, kí ẹ rí ohun tí ọwọ́ ọmọ Yorùbá lè fi igi ṣe. Dẹ́ẹ̀kì kò ní òrùlé. Orí ni ó fi ń gba òjò, orí ni ó fi ń gba yìnyín. Òjò ò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́. Ẹni eji bá rí leji ń pa.

Berkeley, 2015

Ọ̀rọ̀ yìí nira fún mi láti sọ, ṣùgbọ́n n kò lè fò ó. Ní òru ọjọ́ 16, oṣù Kẹfà, ọdún 2015, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ń ṣe ọjọ́ ìbí ní ìlú Berkeley, ní California. Wọ́n jáde sórí báákónì ilé alájà kan. Báákónì yẹn já. Ọmọ 6 kú, 7 fara pa. Márùn-ún nínú àwọn tó kú ti ilẹ̀ Ireland wá lo ìsinmi wọn ní Amẹ́ríkà.

Ilé náà kò tíì pé ọdún 10 tí wọ́n kọ́ ọ. Kò sí ẹni tó ń kọjá lójú pópó tó máa wò ó tí yóò sọ pé ó ti gbó. Nígbà tí wọ́n yẹ ibi tó já wò, wọ́n rí i pé àwọn igi tó ti inú ilé yọ jáde láti gbé báákónì ti jẹrà pátápátá. Omi há sínú rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ́ ọ, wọ́n sì bo gbogbo rẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀. Omi wọlé, kò rí ọ̀nà jáde. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà.

Lẹ́yìn ọ̀ràn yìí, ìpínlẹ̀ California ṣe òfin ní 2018 pé kí àwọn amọ̀ṣẹ́ máa yẹ báákónì àti dẹ́ẹ̀kì ilé alágbàágbé wò ní ọdún mẹ́fà-mẹ́fà, wọ́n sì ṣe irú rẹ̀ ní 2019 fún àwọn ilé tí onílé púpọ̀ jọ ni, ní ọdún mẹ́sàn-án-mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n ilé tí èmi àti ẹ̀yin ń gbé, tí a fi owó iṣẹ́ òru rà, kò sí lábẹ́ òfin yẹn. Kò sí ẹni tí ìjọba máa rán wá. Ojú wa nìkan la ní, ojú lalákàn sì fi ń ṣọ́rí.

Ìtàn igi ọwọ́ yín

Ọdún 2008 ni èmi àti ìyàwó mi ra ilé wa àkọ́kọ́. Dẹ́ẹ̀kì rẹ̀ wà lára ohun tó mú wa rà á. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ni, àwọ̀ pupa rẹ̀ ń dán. Nígbà ooru ọdún kejì a ṣe ọjọ́ ìbí ọmọbìnrin wa lórí rẹ̀, ó tó 40 ènìyàn tó wá, àwọn àgbàlagbà wà níbẹ̀, àwọn aláboyún wà níbẹ̀. Ọjọ́ lọ dáadáa. Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀, mo rí i pé etí dẹ́ẹ̀kì tó kan ògiri ti fi díẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, àfo tó tó fífẹ̀ ìka ọmọdé wà níbẹ̀. Mo mú síkírùdíráfà, mo gún igi tó rọ̀ mọ́ ògiri. Ó wọlé títí dé èèkù.

Igi yẹn là ń pè ní lẹ́jà lẹ́nu iṣẹ́ wa. Òun ni wọ́n máa ń tì mọ́ ara ilé, tí àwọn igi ìdábùú yóò wá sùn lé. Òpó ló gbé apá iwájú dẹ́ẹ̀kì, lẹ́jà ló gbé apá ẹ̀yìn. Dẹ́ẹ̀kì tó bá já, ibẹ̀ ló sábà máa ń ti já. Bí a ṣe ṣí ògiri tèmi, a rí i pé ìṣó lásán ni wọ́n fi kan lẹ́jà mọ́ ilé, kò sí bọ́ọ̀tù kan ṣoṣo. Kò sì sí páànù. Páànù tí mò ń wí ni èyí tí a máa ń tẹ̀, tí a ó ti apá òkè rẹ̀ bọ ẹ̀yìn ìbora ògiri, tí apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò bo orí lẹ́jà, kí omi tó ń ṣàn bọ̀ lára ògiri lè gun orí rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Nítorí kò sí níbẹ̀, gbogbo omi ara ògiri láti ọdún yìí wá ń ya sí ẹ̀yìn lẹ́jà. Ó ti jẹ lẹ́jà, ó ti jẹ igi etí ilé fúnra rẹ̀, èèrà dúdú ńlá sì ti kọ́lé sínú èyí tó kù. Ìṣó ti jẹ títí ó fi tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́. Mo jókòó sórí koríko lọ́jọ́ náà, mo ń ka àwọn tó jó lórí dẹ́ẹ̀kì yẹn lọ́jọ́ ìbí. Mo gé ẹyọ kan lára lẹ́jà náà, mo fi pamọ́. Òun lẹ ń fọwọ́ kàn yẹn. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Nítorí náà, tí ẹ bá délé, ẹ̀yìn dẹ́ẹ̀kì ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kì í ṣe orí rẹ̀. Ẹ wọ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ẹ wò bóyá bọ́ọ̀tù ló di lẹ́jà mú àbí ìṣó. Ẹ wá àpá omi dúdú lára ògiri. Ẹ gún ẹsẹ̀ òpó níbi tó ti kan kọnkéré tàbí ilẹ̀, ẹ gún orí igi ìdábùú lábẹ́ ibi tí pákó méjì ti pàdé, ẹ gún etí àtẹ̀gùn. Igi tó le yóò kọ irin; èyí tó ti jẹrà yóò gbà á láìjiyàn. Ẹ mi ọ̀pá ìdímú tó yí i ká. Ẹ gbé ìkòkò òdòdó kúrò, nítorí abẹ́ ìkòkò òdòdó ni mo ti ń rí ìjẹrà jù lórí dẹ́ẹ̀kì àwọn tó ń tọ́jú nǹkan wọn dáadáa. Wọ́n ń bomi rin òdòdó lójoojúmọ́, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò sì gbẹ láti oṣù Karùn-ún títí di oṣù Kẹwàá. Ẹ fi ẹsẹ̀ kékeré sábẹ́ ìkòkò kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀. Ẹ̀ní tí òjò ń pa náà rí bẹ́ẹ̀.

Ìgbálẹ̀ ṣáájú òróró

Ẹ ó rí i pé gbogbo ènìyàn tó bá fẹ́ tọ́jú dẹ́ẹ̀kì, ohun tí yóò fi kùn ún ló kọ́kọ́ ń bèèrè. Ìgbálẹ̀ ló ṣáájú. Àlàfo wà láàárín pákó àti pákó, ó yẹ kó tó ìdá kan nínú mẹ́jọ íǹṣì, kí omi lè gba ibẹ̀ bọ́. Ewé àti eruku ló ń dí i. Tó bá dí, omi á dúró lórí igi ìdábùú bí ìgbà tí a fi aṣọ tútù wé e. Ẹ fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tú u ní oṣù Kẹta àti oṣù Kọkànlá. Ẹ rí i pé gọ́tà òrùlé kò da omi sórí dẹ́ẹ̀kì, kí ẹ má sì jẹ́ kí iyẹ̀pẹ̀ tàbí ìdọ̀tí ọgbà gun ẹsẹ̀ igi.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ fọ̀ ọ́, ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀rọ tó ń fi agbára tu omi. Mo ti rí dẹ́ẹ̀kì tí ẹ̀rọ yẹn fá títí ojú rẹ̀ fi rí jákujàku, tó wá ń mu omi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyẹ̀fun ìfọgi tó ń hó pẹ̀lú afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ tó. Bílíìṣì ìfọṣọ líle ń jẹ okun inú igi, ẹ fi sílẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ kán omi sórí pákó gbígbẹ. Tó bá dúró ní róbótó bí omi orí ewé kókò, òróró tó wà lára rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ fi owó yín pamọ́. Tó bá wọlé lójú ẹsẹ̀, àsìkò ti tó. Òróró tó ń wọ inú igi ni mo fara mọ́, kì í ṣe ọ̀dà tó nípọn. Mo mọ ìdí rẹ̀ láti inú àṣìṣe tèmi. Lọ́dún tí mo kọ́ dẹ́ẹ̀kì ilé wa tuntun tán, ìkánjú mú mi, mo fi ọ̀dà tó nípọn kun ún nígbà tí igi kò tíì gbẹ. Lẹ́yìn ìgbà òtútù kan ṣoṣo, ọ̀dà náà wú bí ara tí iná jó, omi sì wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ti omi mọ́lé ni. Igi tuntun tí wọ́n ti fi oògùn sí sábà máa ń tutù láti ilé ìtajà. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, títí tí omi tí ẹ bá kán sí i yóò fi wọlé. Ẹ yan ọjọ́ tí òjò kò ní rọ̀, ẹ má ṣe é nínú oòrùn ọ̀sán gangan, kí ẹ sì nu èyí tí igi kò bá mu kúrò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Àkísà tí ẹ fi nu òróró igi, ẹ má ká a jọ sínú gáréèjì. Bí òróró yẹn ṣe ń gbẹ ló ń mú ooru jáde, àkísà tó wà ní òkìtì lè gbiná fúnra rẹ̀ láìsí ìṣáná. Ẹ tẹ́ ẹ síta kó gbẹ, tàbí kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi nínú agolo onírin tó ní ìdérí. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti dúdú, tí àwọn káfíńtà nílé fi ń pa igi òrùlé nítorí ikán, kì í ṣe ti dẹ́ẹ̀kì. Òjò á fọ̀ ọ́ sínú ilẹ̀, ọmọ á fi ẹsẹ̀ gbé e wọlé.

Irú igi wo ló dára? Inú mi máa ń dùn tí mo bá ń dáhùn èyí. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta pákó ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ ó rí iroko, ẹ ó rí opepe lórí ìwé ìtajà wọn. Ìrókò wa ni, ọ̀pẹ̀pẹ̀ wa ni. Ẹnu Yorùbá ni ayé ti gbọ́ orúkọ wọn. Wọ́n ń fi ìrókò ṣe ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń fi ọ̀pẹ̀pẹ̀ ṣe òpó èbúté, nítorí olú kì í fẹ́ràn ohun tó wà nínú wọn. Arère kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó rọ̀ jù. Ṣùgbọ́n igbó ìrókò wa ti dín kù, n kò sì ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kí ó kó o wá ṣe dẹ́ẹ̀kì ní Maryland. Igi páìnì tí wọ́n fi oògùn sí ni ọ̀pọ̀ yín ní.

Ọ̀rọ̀ wà lórí oògùn yẹn. Ọmọ Íńdíà kan, Sonti Kamesam, ló ṣe àpòpọ̀ bàbà, kírómíọ̀mù àti ásẹ́níìkì ní 1933, òun sì ni wọ́n fi ń tọ́jú igi dẹ́ẹ̀kì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Májèlé ni ásẹ́níìkì. Ní ìparí ọdún 2003 ni wọ́n dáwọ́ ṣíṣe é fún ilé gbígbé dúró ní Amẹ́ríkà. Tí dẹ́ẹ̀kì yín bá ti wà ṣáájú 2004, ẹ kà á sí irú rẹ̀. Tí ẹ bá tú u, ẹ má fi igi rẹ̀ dáná. Mo mọ̀ wá, a kì í fi igi ṣòfò, ìdáná ìta sì wà nídìí ìnáwó wa. Ẹ má fi sun ẹran, ẹ má fi gbé ìkòkò ọbẹ̀ ka iná. Májèlé náà wà nínú èéfín rẹ̀, ó sì wà nínú eérú rẹ̀. Ẹ pe àwọn akólẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ kí ẹ bi wọ́n níbi tí ẹ ó kó o sí. Èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ní bàbà púpọ̀ sí i, bàbà yìí sì ń tètè jẹ irin lásán àti páànù alumíníọ̀mù. Nítorí náà, síkírù àti bọ́ọ̀tù tí wọ́n rì sínú síńkì gbígbóná ni kí ẹ rà, tàbí irin tí kì í dípẹtà.

Nígbà tí ó bá ti bàjẹ́

Pákó orí dẹ́ẹ̀kì tó jẹrà kì í ṣe ìṣòro. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi tuntun sí i, síkírù ni kí ẹ lò, kì í ṣe ìṣó. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó bò ó, ẹ wo igi ìdábùú tó wà lábẹ́ rẹ̀. Tí orí rẹ̀ nìkan bá rọ̀ díẹ̀, ẹ ha èyí tó rọ̀ kúrò, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi igi tuntun tó gùn dáadáa tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ sì fi bọ́ọ̀tù dì wọ́n pọ̀. Tí ìjẹrà bá ti wọ ikùn rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Okun olú máa ń ti rìn kọjá ibi tí ojú rí, nítorí náà ẹ má dúró níbi tí àwọ̀ ti yí padà; ẹ gé wọ inú igi tó le. Gbogbo ibi tí ayùn bá ti kàn, ẹ fi oògùn oníbàbà pa á kí ẹ tó kàn án pọ̀, torí ẹnu tuntun lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ là fún omi. Lẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń fi dí ihò igi wúlò fún ara ọ̀pá ìdímú. Ẹni tó bá fi í dí òpó tàbí lẹ́jà, ojú ló tan jẹ.

Ẹsẹ̀ òpó tó jẹrà ṣeé gé, kí a fi ìjókòó onírin gbé e kúrò lórí kọnkéré. Ṣùgbọ́n ẹ má gé òpó, ẹ má tú lẹ́jà, láì kọ́kọ́ fi òpó ìgbà díẹ̀ gbé dẹ́ẹ̀kì dúró. Ibi tí mo ti máa ń sọ fún onílé pé kí ó gbé òòlù sílẹ̀ nìyí. Ẹ gba ìwé àṣẹ, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì ní kí ó fi páànù ẹ̀yìn lẹ́jà hàn yín kí ó tó bò ó. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó bá bínú nítorí pé ẹ fẹ́ wò ó, ẹ wá ẹlòmíràn.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé kí n jẹ́ kí ọdún yìí kọjá ná, owó ilé-ìwé ọmọ wà nílẹ̀. Mo mọ owó ilé-ìwé. Mo ti san án. Ṣùgbọ́n páànù lẹ́jà àti síkírù, owó tí kò tó ti aṣọ ẹbí kan ni. Lẹ́jà tó jẹrà títí dé igi ilé, mo ti rí i tó gba owó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Tí ẹ kò bá lè tún un ṣe lọ́dún yìí, ẹ fi okùn dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má gun orí rẹ̀. Ẹ ṣe ìsọmọlórúkọ nínú ilé.

Ìrànlọ́wọ́ wa

   Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi méjèèjì ló jókòó lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, láàárín aago 8 àárọ̀ sí ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò lọ wo abẹ́ dẹ́ẹ̀kì ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Akọ̀wé, a kò ní gba kọ́bọ̀. Àwọn àgbàlagbà tó ń dá gbé ni a ó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹni tí igi náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ránṣẹ́ padà sí orí tábìlì.